Ṣé O Mọ̀? Ọrùn, Ẹ̀jẹ̀ àti Ìṣẹ́jú Àáyá 9

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ oníjà bá fún lọ́rùn dáadáa lè dákú kí o tó ka ení, èjì, ẹ̀ta dé ẹ̀wá? Àsọdùn kọ́. Àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà jókòó ti fídíò ìjà MMA, ìjà tí wọ́n ti ń da onírúurú ọ̀nà ìjà pọ̀, wọ́n ṣa àwọn èyí tí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn ti kọ̀ jálẹ̀ láti túúbá títí tó fi dákú, wọ́n wá fi aago wọ̀n ọ́n láti ìgbà tí apá ti há ọrùn dáadáa títí di ìgbà tí ara rọ. Nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí wọ́n pín in dọ́gba, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 9 ló jáde. Má gbàgbé pé kì í ṣe èrò ọjà ni wọ́n ń wò o. Àwọn tó ń fi ìjà jẹun ni, ọrùn wọn ki pọ́pọ́, wọ́n mọ ohun tó ń bọ̀, gbogbo agbára wọn ni wọ́n sì fi ń jà láti bọ́. Síbẹ̀, 9 náà ni.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe èémí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Ká ní èémí ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ náà sé èémí rẹ wò: ìṣẹ́jú àáyá 30 yóò kọjá, ojú rẹ á máa pọ́n, àyà rẹ á máa jà, ṣùgbọ́n o ò ní dákú, nítorí afẹ́fẹ́ tó ti wà nínú ẹ̀dọ̀fóró àti nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ ṣì ń tó o lò. Ohun tí apá oníjà ń dí ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá méjì tó gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn lọ sí ọpọlọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Fi ìka méjì kan ẹ̀gbẹ́ gògóńgò rẹ jẹ́jẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo o, wàá mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń lù kì, kì, kì. Òun nìyẹn.

Ọpọlọ tí iṣan yìí ń bọ́ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwúwo ara lọ, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń jẹ nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ọ́síjìn tí gbogbo ara ń lò. Ọ̀jẹun ni, kò sì ní àká. Iṣan ẹsẹ̀ àti iṣan apá lè fi ohun tí wọ́n ti tọ́jú pamọ́ ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọpọlọ kò ní jẹnẹrétọ̀: bí wọ́n bá mú iná lọ, gbogbo ilé ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Lóòótọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì mìíràn wà lẹ́yìn ọrùn, tí wọ́n gba inú ihò egungun ọrùn kọjá, tí apá ẹnikẹ́ni ò sì lè rọrùn tẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí àwọn yẹn ń gbé kéré. Kò tó ọpọlọ jẹ.

Ṣé o mọ̀ bí ohun tó ń dí iṣan wọ̀nyí ti kéré tó? Paul Brouardel, oníṣègùn ará Faransé tó jẹ́ pé ikú ẹni tó pokùnso àti ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn ni iṣẹ́ rẹ̀, tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1897, títí dòní ni àwọn oníṣègùn ilé ẹjọ́ sì ń tọ́ka sí ìwọ̀n tó fi sílẹ̀. Ó ní ìwúwo kílò 2 tó láti dí àwọn iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà láti orí. Kílò 5 tó láti dí àwọn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ọ̀nà èémí ní tirẹ̀ ń fẹ́ kílò 15, àwọn iṣan tó wà nínú egungun ọrùn sì ń fẹ́ 30. Tún kílò 5 àti kílò 15 yẹn wò. Kí ọ̀nà èémí tó dí, ẹ̀jẹ̀ ti dúró tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tín-ín-rín kan tó mọ ibi tí yóò fi apá sí fi lè mú òmìrán sùn, tí géńdé tó kàn ń fi agbára fún gògóńgò yóò sì máa làágùn lásán.

Wo bí wọ́n ṣe ń ṣe èyí tó lókìkí jù, tí oníjà máa ń wà lẹ́yìn ẹni kejì. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ló máa ń dojú kọ gògóńgò, àyè díẹ̀ sì máa ń wà níbẹ̀ tí kò fi kàn án. Apá òkè ń tẹ ẹ̀gbẹ́ ọrùn kan, apá ìsàlẹ̀ ń tẹ ẹ̀gbẹ́ kejì, àyà ń ti ẹ̀yìn orí síwájú. Ẹni tí wọ́n fún náà kì í wúkọ́. Ó lè máa mí geerege. Ohun tó máa ń mọ̀ ni pé ojú rẹ̀ ń ṣú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, etí rẹ̀ ń hó, ariwo èrò ń jìnnà. Bí o bá rí ẹni tó ń wúkọ́ tó sì ń jà ràpàràpà lábẹ́ apá alátakò rẹ̀, mọ̀ pé apá yẹn kò tíì wọ ibi tó yẹ kó wọ̀. Àwọn olùkọ́ kì í fẹ́ irú rẹ̀ rárá, torí gògóńgò lè fọ́, èyí kò sì ṣeé fi oorun ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ wò sàn.

Ǹjẹ́ o mọ̀ pé wọ́n ti fi aago wọn ọ̀rọ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ MMA? Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni, nígbà tí àwọn awakọ̀ òfuurufú ológun ń dákú lójú ọ̀run bí ọkọ̀ wọn bá yí bìrí, tí ẹ̀jẹ̀ ń sá kúrò lórí wọn lọ sí ẹsẹ̀. Àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Minnesota, Rossen, Kabat àti Anderson, fẹ́ mọ bí ọpọlọ ṣe ń ṣe bí ẹ̀jẹ̀ bá dúró lójijì. Wọ́n ṣe ìgbànú kan tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, wọ́n gbé e wọ ọrùn àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó lé ní 100, wọ́n sì fẹ́ ẹ lójijì. Ojú á kọ́kọ́ dúró gan-an sójú kan. Lẹ́yìn náà ni iyè á lọ, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 7. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1943. Mi ò rò pé ìgbìmọ̀ kankan máa fọwọ́ sí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lóde òní, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó jẹ́ ká lóye ìyàtọ̀ tó wà láàárín 7 ti yàrá àyẹ̀wò àti 9 ti ojú ìjà. Ìgbànú kì í wá àyè, kì í yọ̀, kò sì sí ẹni tó ń fa ọwọ́ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ń dákú lọ lè máà mọ̀ pé òun ń dákú? Ọjọ́ 5 oṣù Kẹta 2016, ní Las Vegas, Holly Holm ló ni bẹ́líìtì UFC, ìdíje ńlá MMA, nígbà yẹn, oṣù mélòó kan lẹ́yìn tó gbá Ronda Rousey lẹ́sẹ̀ lórí tí gbogbo ayé ń pariwo. Miesha Tate ló dojú kọ. Ìpele karùn-ún ni wọ́n wà, ìjà ti fẹ́ parí, Holm ló ń borí. Tate gbé e ṣubú, ó gun ẹ̀yìn rẹ̀, apá wọ abẹ́ àgbọ̀n. Holm gbìyànjú láti gbé e jù síwájú, àwọn méjèèjì ṣubú pọ̀, apá kò tú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹ̀ṣẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń lù, ọ̀kan, èjì, ọwọ́ sì rọ sílẹ̀ láàárín ẹ̀ṣẹ́ tó kàn, rẹfirí sáré wọlé. Kò fọwọ́ gbá ilẹ̀ láti túúbá rárá. Mo ti wo fídíò yẹn débi tí mi ò fi nílò kí n tún un wò mọ́, ẹ̀ṣẹ́ tó ń jù sófìfo yẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ akíkanjú.

Ti Lyoto Machida, oníjà MMA mìíràn, tún yàtọ̀. Ní oṣù Kejìlá 2011, ní Toronto, orí ìdúró ni alátakò rẹ̀, Jon Jones, ti fún un lọ́rùn, wọ́n jọ fara ti irin àkámọ́. Nígbà tí Jones mọ̀ pé ó ti lọ, ó tú apá, Machida sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Ẹni tó dákú lórí ìdúró kò ní ọwọ́ tí yóò fi gba ara rẹ̀ mú.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá tú apá? Ẹ̀jẹ̀ á padà ya wọ ọpọlọ, ojú á là, ó sábà máa ń jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20. Ara àwọn mìíràn á kọ́kọ́ gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, èyí tó máa ń dẹ́rù ba òǹwòran tí kò rí i rí. Lẹ́yìn náà ni ìdààmú á dé: ẹni náà á dìde, á gbá rẹfirí mú, á fẹ́ máa bá ìjà lọ, torí ní tirẹ̀, ìjà ò tíì parí. Bí wọ́n bá ní ó dákú, á jiyàn. Ó sì ń sọ òótọ́ inú rẹ̀, àkókò yẹn kò sí nínú ayé rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé òkú ènìyàn ti gba adé ìdíje Òlíḿpíìkì rí? Ọdún 564 ṣáájú ìbí Jésù ni. Arrhichion, ará ìlú Phigalia ní ilẹ̀ Gíríìsì, ti borí nínú pankration lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú. Pankration nìyẹn, ìjà tí wọ́n ti ń gbá ẹ̀ṣẹ́, tí wọ́n ti ń ta ìpá, tí wọ́n ti ń funni lọ́rùn, tí ó jẹ́ pé díẹ̀ ni ohun tí òfin kà léèwọ̀. Ní ìgbà kẹta yìí, ẹni kejì fi ẹsẹ̀ há a níbàdí, ó fi apá fún un lọ́rùn látẹ̀yìn. Kí iyè rẹ̀ tó lọ tán, Arrhichion di ìka ẹsẹ̀ alátakò rẹ̀ mú, ó ṣẹ́ ẹ. Ìrora náà le débi pé ẹni tó ń fúnni lọ́rùn ló gbé ọwọ́ sókè pé òun gbà. Ìgbà tí wọ́n tú wọn ká ni wọ́n rí i pé Arrhichion ti kú. Òfin sọ pé ẹni tó túúbá ló pàdánù, òkú sì ni kò túúbá. Wọ́n dé e ládé bẹ́ẹ̀. Pausanias, arìnrìn-àjò tó kọ ìtàn náà sílẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì lẹ́yìn Jésù, ní òun rí ère ọkùnrin náà ní ọjà Phigalia, ère òkúta tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó fi dé itan.

Àwọn Yorùbá ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Ìjàkadì tiwa kò tilẹ̀ mú ọ̀rọ̀ dé ọrùn: bí ẹ̀yìn bá ti kan ilẹ̀, ó parí, onílù á yí ìlù padà. Ṣùgbọ́n ohun tí Jigoro Kano, olùdásílẹ̀ júdò, ṣe ní Tokyo jọ òwe náà. Nígbà tó dá Kodokan, ilé ẹ̀kọ́ júdò rẹ̀, sílẹ̀ ní 1882, ó yọ ọ̀pọ̀ ohun tó lè ṣeni léṣe gan-an nínú ìjà àtijọ́ kúrò, ṣùgbọ́n ó dá ìfunlọ́rùn sí. Kí ló dé? Nítorí pé ó ṣeé túúbá lé lórí. Ẹni tó bá mọ̀ pé ojú òun ti ń ṣú á fọwọ́ gbá ẹnìkejì lẹ́ẹ̀mejì, bí ọwọ́ bá há, á fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, ẹnìkejì á tú u kíá. Ní 1987, E. K. Koiwai, oníṣègùn Amẹ́ríkà tó tún jẹ́ ọ̀gá nínú júdò, wá àkọsílẹ̀ kiri, ó sì kọ̀wé pé láti 1882 wá, kò sí ikú kankan tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ìfunlọ́rùn ló fà á nínú eré júdò. Ronú sí iye ènìyàn tí wọ́n ti fún lọ́rùn láàárín ọdún 100 yẹn! Kò wá túmọ̀ sí pé kò léwu o. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn lè ya, rọpárọsẹ̀ sì lè tẹ̀ lé e, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ ń dùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí orí ń fọ́, tí ẹnu tàbí ọwọ́ kan kò fẹ́ dáhùn lẹ́yìn ìdárayá, ilé ìwòsàn ló yẹ kó lọ. Àwọn ọmọ kéékèèké ní tiwọn, òfin ìdíje júdò kì í jẹ́ kí wọ́n fún ara wọn lọ́rùn rárá.

Ṣé o mọ̀ pé aṣọ tí oníjúdò wọ̀ lè di ohun ìjà mọ́ ọn lọ́wọ́ ẹlòmíràn? Ọrùn aṣọ náà nípọn, ó sì yi. Alátakò á ki ọwọ́ bọ ọrùn aṣọ náà látòkè àti nísàlẹ̀, á yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀, aṣọ olóhun á sì dí iṣan olóhun. Ẹsẹ̀ náà lè ṣe é. Bí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ọrùn àti apá kan ènìyàn pọ̀, itan alátakò á tẹ ẹ̀gbẹ́ ọrùn kan, èjìká ẹni náà fúnra rẹ̀ á tẹ ẹ̀gbẹ́ kejì.

Láti Japan ni ọgbọ́n yìí ti wọ Brazil. Mitsuyo Maeda, ọmọ Kodokan tó ń jà kiri ayé, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1914, Carlos Gracie sì kọ́ iṣẹ́ náà ní Belém. Ọdún 79 lẹ́yìn náà, ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá 1993, ní Denver, wọ́n kó àwọn onírúurú oníjà wọ àkámọ́ kan fún UFC àkọ́kọ́. Royce Gracie, ọmọ àbúrò Carlos, ló rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ jù nínú wọn lójú ọ̀pọ̀ òǹwòran. Ìjà mẹ́ta ló jà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìṣẹ́jú àáyá 57 ló fi yanjú Ken Shamrock, tó jù ú lọ dáadáa. Ó fún Gerard Gordeau lọ́rùn nínú àṣekágbá. Pa àkókò ìjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kò pé ìṣẹ́jú 5.

Kì í ṣe gbogbo apá tó bá wà ní orí ló ń mú ẹ̀jẹ̀ dúró o. Israel Adesanya, ọmọ wa tí wọ́n bí ní Èkó ní 1989 tó wá di ìlú mọ̀ọ́ká láti New Zealand, bá Dricus du Plessis ará South Africa jà ní Perth ní oṣù Kẹjọ 2024. Ní ìpele kẹrin, du Plessis gun ẹ̀yìn rẹ̀. Apá náà kò dé abẹ́ àgbọ̀n, orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló há, ó sì ń lọ́ ojú àti ọrùn pọ̀. Kò sí òkùnkùn nínú irú èyí. Ìrora lásán ni, gbogbo ojú sì là sílẹ̀ kedere. Adesanya fọwọ́ gbá a. Àwọn kan bú u lórí èyí. Ẹni tó bá rò pé àbùkù ni, kí ó jẹ́ kí ẹnìkan lọ́ àgbọ̀n òun wò.

Lórí ẹní, rẹfirí wà, ọwọ́ tó ń gbá ilẹ̀ sì ní ìtumọ̀. Ṣé o mọ bó ṣe rí níbi tí kò sí méjèèjì? Oṣù Kẹwàá 1976, àwọn ọlọ́pàá Los Angeles dá Adolph Lyons, ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú, dúró nítorí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ti jó. Wọ́n fún un lọ́rùn títí tó fi dákú. Nígbà tó jí, ẹ̀jẹ̀ àti erùpẹ̀ ló ń tu lẹ́nu, ó ti tọ̀, ó ti yàgbẹ́ sára. Wọ́n já tíkẹ́ẹ̀tì iná ọkọ̀ fún un, wọ́n ní kó máa lọ. Ó pẹjọ́. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà fi dá ẹjọ́ náà ní 1983, ènìyàn 16 ló ti kú ní ìlú náà láti 1975 lẹ́yìn tí ọlọ́pàá fún wọn lọ́rùn, 12 nínú wọn sì jẹ́ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú. Adájọ́ 5 nínú 9 ní àwọn ò lè pàṣẹ kí ọlọ́pàá jáwọ́ nítorí ti Lyons, torí kò lè fi hàn pé wọ́n máa tún fún òun gan-an lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan sí i.

New York ní tirẹ̀ ti ka ìfunlọ́rùn léèwọ̀ fún àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ láti 1993. Ní oṣù Keje 2014, ọlọ́pàá fi apá há Eric Garner lọ́rùn ní ẹ̀bá ọ̀nà, fóònù ẹnìkan sì ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà 11 tó ń sọ pé òun ò lè mí. Ibi tí ìṣirò ìṣẹ́jú àáyá 9 yẹn ti dé bá ènìyàn nìyí: ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló ń mú oorun wá, ìṣẹ́jú mélòó kan ló ń ba ọpọlọ jẹ́ pátápátá. Ẹni tó ti dákú kò sì lè fọwọ́ gbá ẹnikẹ́ni mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tí wọ́n há lọ́rùn máa ń jà ràpàràpà láìmọ̀, ọlọ́pàá á sì kà á sí agídí, á tún fún un sí i.

Ọ̀kan wà tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Oluwashijibomi Lapite, ọmọ Nàìjíríà tó ń wá ibi ìsádi ní London, ẹni ọdún 34, baba ọmọ méjì. Ní oṣù Kejìlá 1994, ọlọ́pàá méjì dá a dúró ní Hackney, ọ̀kan nínú wọn há a lọ́rùn, ó sì kú. Ní 1996, ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tó jókòó lórí ikú rẹ̀ sọ pé pípa tí òfin kò fọwọ́ sí ni wọ́n pa á. Kò sí ọlọ́pàá kankan tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀.